“Ọdún mélòó ló kù?” Ìdáhùn fún ìyàwó olùkọ́ kan ní Òṣogbo

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ní Òṣogbo, ni ó kọ lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn yìí. Ẹni ọdún 56 ni ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àròpọ̀ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó gun ọ̀kadà láti Ìgbọ̀nà, kò sì lè júwe ilé ara rẹ̀ ní Àyétòrò fún ọlọ́kadà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, àwọn dókítà ní àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ni, irú èyí tó máa ń tètè bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà wá kọ̀wé pé: “Ká ní mo mọ ohun tó ń bọ̀ ni, ǹ bá gbára dì. Lónìí wọ́n á jí, wọ́n á ṣe bí ọkọ mi. Lọ́la wọ́n á bi mí pé níbo ni ìyàwó àwọn wà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n san owó ṣọ́ọ̀bù tọdún tó ń bọ̀, mi ò lè fi ọkàn balẹ̀ rán ọmọ wa lọ sí yunifásítì, mi ò sì lè sunkún torí pé wọn ò tíì kú. Ọdún mélòó ló kù? Kí ni kí n máa ṣe títí di ìgbà yẹn?”

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ìbéèrè yín yìí ni gbogbo ọkọ àti aya tó bá jókòó níwájú mi ń bi mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúró kí aláìsàn ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde lẹ́nu. N ó dáhùn rẹ̀ láìlọ́ ọ pọ̀: mi ò lè sọ iye ọdún tó kù fún yín, kò sì sí dókítà tó lè sọ ọ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé lára àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní ọdún 65, ọ̀pọ̀ ló máa ń lo ọdún 4 sí 8 lẹ́yìn tí a bá ti sọ orúkọ àìsàn náà fún wọn, àwọn mìíràn sì ń lo tó ọdún 20. Ẹ wo bí 4 ṣe jìnnà sí 20. Ẹni tí wọ́n bá kó irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ kò lè fi ra nǹkankan, pàápàá tí ọkọ rẹ̀ kò tíì pé 60, tí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì dá ṣáká.

Ìdí tí kò fi ṣeé sọ ni pé ó ti pẹ́ tí àìsàn náà ti wà nínú ọpọlọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Irú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní amyloid máa ń ṣù jọ sáàárín àwọn fọ́nrán ọpọlọ, òmíràn tí wọ́n ń pè ní tau sì máa ń lọ́ mọ́ra nínú wọn, títí tí àwọn fọ́nrán náà yóò fi máa kú díẹ̀díẹ̀. Apá ibi tí ìparun náà bá ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ojú yóò kọ́kọ́ rí. Nínú àwọn tí kò tíì dàgbà, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ìgbàgbé máa ń kọ́kọ́ hàn: ó lè jẹ́ ìṣirò, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò wá sẹ́nu, ó lè jẹ́ pé ojú ríran ṣùgbọ́n ọpọlọ kò mọ ohun tí ojú rí. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ́kọ́ ń pè é ní àárẹ̀, ìrònú, ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí iṣẹ́ ayé. Bí máàkì ṣe dàrú mọ́ olùkọ́ ìṣirò lọ́wọ́, tí ó sì ṣì ń rántí orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àrán arúgbó lásán ni, tàbí pé ọkọ yín kéré jù fún un. Ẹni àkọ́kọ́ tí oníṣègùn ará Jámánì náà, Alois Alzheimer, kọ àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 51, Auguste Deter, tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn ní ìlú Frankfurt ní ọdún 1901. Ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, ni wàhálà náà kọ́kọ́ já lé lórí. Nítorí náà, ọkọ tàbí aya tí kò mọ ohun tó ń bọ̀ ti wà nínú ìtàn àìsàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn kan yóò tún sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi wà lára wọn, ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indiana ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001, fi hàn pé àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn kò ní in tó ìdajì àwọn adúláwọ̀ tó wà ní Indianapolis. Ó kéré sí tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àìmọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àwọn bàbá wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni í mú kí babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún. Mi ò rán yín lọ dÍfá o; ètò tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni mo ń tọ́ka sí. Ẹni tí wọ́n ti ṣe àkọsẹ̀jayé fún ní kékeré, tí wọ́n ti sọ gbogbo ọ̀nà ayé rẹ̀, wọ́n ṣì ń bá a wo ti ọrún, nítorí pé èyí tí a lè lò ni ti ọjọ́ márùn-ún tí a fi òní kún. Bí ẹ ṣe ń ṣe é báyìí, àkọsẹ̀jayé lẹ ń wá lọ́wọ́ dókítà, ẹ fẹ́ kí ó tẹ́ ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ níwájú yín bí ẹní. Mo ń rọ̀ yín kí ẹ gba ti ọrún. Ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ìwé ìrántí kékeré kan, kí ẹ kọ bí oorun ti rí, bí oúnjẹ ti wọlé sí, àti ohun tí wọ́n dá ṣe láìsí ìrànlọ́wọ́: ṣé wọ́n dá wẹ̀, ṣé wọ́n dá di bọ́tìnì, ṣé wọ́n dá rí ilé ìyàgbẹ́ lóru. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣètò fún ọjọ́ márùn-ún tó ń bọ̀ nìkan. Ní ìparí oṣù, ẹ fi èyí tó wà nínú ìwé wé ti oṣù tó kọjá. Ẹ má fi òní wé àná, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣubú sí.

N ó sọ ohun kan tí ojú mi rí. Ọkùnrin kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ayàwòrán ilé wá sọ́dọ̀ mi. Mo fún un ní bébà, mo ní kó ya ojú aago, kó sì gbé ọwọ́ aago sí agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ya róbótó kan tó gún régé, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ó kọ 12 sókè, lẹ́yìn náà ó to gbogbo nọ́ńbà yòókù jọ sí apá ọ̀tún, bí ìgbà tí èso bá ṣẹ́ ẹ̀ka kan nù. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dókítà, aago yín ti bàjẹ́.” Ìyàwó rẹ̀ yí ojú sí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n pa dà wá, ó ya aago náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìyàwó fò fáyọ̀, ó pe àwọn ọmọ lórí fóònù láti inú yàrá mi, ó ní bàbá yín ti ń gbádùn. Ní ìgbà kẹta, àwọn nọ́ńbà náà tún ti kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, obìnrin náà sì sunkún ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Àìsàn náà kò lọ, kò sì pa dà wá. Oorun ọkùnrin náà dára ní ọjọ́ kejì yẹn, wọ́n tètè dé, yàrá sì dákẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyẹn ni pé nígbà tí ọkọ yín bá mọ̀ yín láàárọ̀, tí wọ́n sì wò yín bí àlejò lálẹ́, kì í ṣe pé wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, kì í sì ṣe pé àìsàn náà sáré láàárín wákàtí mẹ́wàá. Ìrọ̀lẹ́ máa ń le fún wọn. Ó ti rẹ ọpọlọ, òkùnkùn ń ṣú, NẸ́PÀ ti mú iná lọ, òjìji àtùpà ń rìn lára ògiri. Ẹ tan iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun alẹ́ lákòókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì dín ariwo tẹlifíṣọ̀n kù. Bí wọ́n bá béèrè pé níbo ni ìyàwó àwọn wà, ẹ má jà á níyàn, ẹ má sì lọ mú ìwé ìgbéyàwó jáde. Obìnrin kan sọ fún mi pé èsì tí òun máa ń fún ọkọ òun ni pé, “Ìyàwó yín ń bọ̀, ó ní kí n wá jókòó tì yín kí òun tó dé,” yóò sì jókòó, yóò sì dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Mo rò pé ìdáhùn náà dára ju èyíkéyìí tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Àmọ́ o, ìyípadà kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ kà sí ti àìsàn yìí. Bí wọ́n bá ṣàdédé dà bí ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, tí wọ́n ń sùn ní gbogbo ọ̀sán, tí wọ́n ń rí ohun tí kò sí, tàbí tí wọn ò lè dìde mọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ibà lè fà á, àìsàn inú ìtọ̀ lè fà á, àìmu omi tó lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni àìyàgbẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀, oògùn oorun tí aládùúgbò fún wọn, tàbí ìṣubú tí wọ́n fi orí gbá ilẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ṣeé tọ́jú. Mo ti rí ẹbí tó ń wo aláìsàn ní òye pé ó ti parí, nígbà tó jẹ́ ibà ni.

Ní ti owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ san án. Bí mo ṣe ń ronú ni pé, nínú gbogbo ìpinnu, ẹ wá èyí tí yóò dára bí àìsàn náà bá rọra lọ, tí yóò sì tún dára bí ó bá sáré. Bí ó bá rọra lọ, ẹ nílò owó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá sáré, ẹ nílò owó náà kíákíá. Ṣọ́ọ̀bù ni owó ti ń wá ní ọ̀nà méjèèjì. Kí ẹ san ti ọdún kan péré, kí ẹ sì kọ́ ọmọ iṣẹ́ kan bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ àti bí wọ́n ṣe ń bá àwọn oníbàárà yín sọ̀rọ̀, kí ọjà má baà kú ní ọjọ́ tí ẹ kò bá lè wá. Bákan náà ni ti ọmọ yín. Kí ó lọ sí yunifásítì. Bí a bá dá ọmọ dúró sílé nítorí ohun tí a kò mọ ìgbà tí yóò dé, ó lè dúró fún ọdún mẹ́jọ.

Ìpinnu kejì tí mo ń wò yàtọ̀ sí ìyẹn: èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Ní ibí ni mo fẹ́ kí ẹ sáré díẹ̀, torí pé ọwọ́ ọkọ yín ṣì mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orúkọ tí a kọ sí ìwé báǹkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ni jù lọ ti fún ẹni náà láṣẹ láti gba owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ní, nísinsìnyí ni. Ìwé tí ọkọ fi ń yan aya rẹ̀ ṣe aṣojú dára, ṣùgbọ́n ẹ bi agbẹjọ́rò léèrè dáadáa, torí pé nínú òfin wa irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè pàdánù agbára rẹ̀ nígbà tí làákàyè ẹni tó kọ ọ́ bá ti lọ, ìyẹn gan-an ni ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀. Ìwé ìhágún ń dúró bí ẹni tó kọ ọ́ bá mọ ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ náà kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ní àṣà ogún jíjẹ Yorùbá, ọwọ́ àwọn ọmọ ni ogún bàbá ń bọ́ sí, aya kì í jogún ọkọ, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ojú àwọn opó máa ń rí.

Iṣẹ́ ìjọba wọn wà lára rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 gbà pé òṣìṣẹ́ lè fẹ̀yìn tì bí dókítà tó mọṣẹ́ tàbí ìgbìmọ̀ oníṣègùn bá jẹ́rìí sí i pé ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Ó sàn kí wọ́n gba ọ̀nà yìí jáde pẹ̀lú iyì, ju kí ìwé ìbáwí máa já lé wọn lórí nítorí máàkì tí kò pé àti kíláàsì tí wọ́n gbàgbé láti wọ̀, títí tí wọn yóò fi lé wọn bí ọ̀lẹ. Mo mọ ibi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ó sì gba ẹbí náà ní àkókò púpọ̀ láti bẹ̀bẹ̀.

Ilẹ̀kùn kan tún wà tí kò sí agbẹjọ́rò tó lè bá yín ṣí i. Ẹ bi wọ́n, ní àárọ̀ ọjọ́ tí orí wọn bá pé, pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe nígbà tí wọn ò bá lè sọ ọ́ mọ́: ta ni wọ́n fẹ́ kó máa wẹ̀ fún wọn, ṣé wọ́n fẹ́ dúró nílé tàbí wọn ò kọ ilé ìwòsàn. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n ki ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oríkì rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yìí yóò dá ìbànújẹ́ sí aláìsàn lára. Nínú ìrírí mi, ó máa ń tù wọ́n lára, torí pé àwọn náà ń bẹ̀rù ohun kan náà, wọn ò kàn rí ẹni bá sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹkún ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ ní ẹ kò lè sunkún torí pé wọn ò tíì kú. Nílẹ̀ wa, bí ènìyàn bá kú, a mọ ohun tó kàn: a ó ránṣẹ́ sí ẹbí, àwọn ẹgbẹ́ yóò wá, wọn yóò jókòó ti opó, wọn yóò dá ọjọ́ ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà lórí àga ní pálọ̀, tó ń jẹ ẹ̀bà, tí ẹni tó máa ń bá a gbèrò owó ilé ẹ̀kọ́ kò sì sí níbẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó máa wá kí i kú ìrọ́jú. Kò sí aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún un. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹ má fi ẹnu ara yín pa á. Ìyá wa, ẹ sunkún. Ohun tí ẹ ti pàdánù jẹ́ òótọ́, ẹkún yín kò sì ní pa ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn wá ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ lè sunkún níwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé yóò sọ fún yín pé kí ẹ máa dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tún ti jẹ́wọ́ fún mi pé nígbà mìíràn àwọn ń gbàdúrà pé kó tètè parí, lẹ́yìn náà ojú á tì wọ́n. Mi ò tíì rí èyíkéyìí nínú wọn tí kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀.

Ẹ dárúkọ ilé àdúrà níbi kan nínú lẹ́tà yín, pé ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ń fẹ́ kí ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀. Àdúrà kò bá ìtọ́jú jà. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n sọ pé kí wọ́n má lo oògùn mọ́, kí wọ́n fi ààwẹ̀ dá ẹni tí kò ní ara púpọ̀ lágara, tàbí kí wọ́n so ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀. Kí pásítọ̀ wá gbàdúrà ní Àyétòrò. Oògùn bíi donepezil tàbí memantine kì í wo àìsàn náà sàn, wọ́n kàn lè jẹ́ kí iyè dúró díẹ̀ sí i fún ìgbà kan. Ẹni tó bá ń ta àgbo tàbí hóró kan tí ó ní ó ń wò ó sàn pátápátá, owó ṣọ́ọ̀bù yín ló ń wò.

Ìrìn àrìnkiri ló kù tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹni tó ní àìsàn yìí bá jáde, kì í mọ̀ pé òun sọnù, odò Ọ̀ṣun kò sì jìnnà sí wa. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí inú kọ́là ẹ̀wù wọn, ẹ fi ojú wọn han ọlọ́kadà àti alápatà tó wà ní ìkóríta yín, ẹ sọ fún wọn láìtijú. Ní oṣù kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun bá kó èrò wọ̀lú, tí Ọláìyá sì há gádígádí, ẹ má gbé wọn jáde.

Nígbà tí ẹ bá tún ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú ìwé ìrántí ọjọ́ márùn-ún yẹn dání, kí ẹ sì bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín pé kí wọ́n tẹ̀ lé yín. Kí wọ́n jókòó ti àbúrò wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ̀yin nìkan wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ẹ sì sọ iye wákàtí tí ẹ ń sùn lóru fún dókítà.